Ẹni tí Ó Ń San Gbèsè Ilé, Ẹ Má Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ Ọn

Bí ìlú kan bá fẹ́ tún ilé ńlá kan ṣe, tí owó inú àpò ìjọba rẹ̀ kò sì tó, ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà níwájú rẹ̀: kí ó dúró títí owó yóò fi pé, kí ó tọrọ lọ́wọ́ àwọn olówó, tàbí kí ó yá owó ní orúkọ gbogbo ará ìlú, kí tọmọdé tàgbà sì máa san án díẹ̀díẹ̀. Ọ̀nà kẹta yìí ni à ń pè ní bọ́ǹdì. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, ìlú kan tí ó jìnnà sí wa ni a ó sì fi ṣe àpẹẹrẹ: San Francisco, ní ìpínlẹ̀ California ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ará ìlú ti fi ìbò ara wọn gbà láti jẹ gbèsè nítorí ilé ìṣẹ̀m̀báyé ti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì.

A mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò bi wá pé, kí ni ó kan àgbẹ̀ Oǹdó tàbí oníṣòwò Ìjẹ̀bú nínú gbèsè San Francisco? Ó kàn án púpọ̀. Ní ilẹ̀ tiwa náà, àwọn ìjọba ń ta bọ́ǹdì ní orúkọ wa, àwọn ọmọ wa ni yóò sì san án. Ẹni tí kò mọ irú ìbéèrè tí ó yẹ kí ó bi ìjọba tirẹ̀, kí ó kọ́kọ́ wo bí àwọn ẹlòmíràn ti bi tiwọn, kí ó sì wo ibi tí àwọn náà ti gbàgbé láti bèèrè.

Ilé tí à ń wí yìí, California Academy of Sciences ni orúkọ rẹ̀, kì í ṣe ilé àná. Ní ọdún 1853 ni àwọn ènìyàn díẹ̀ tí ó fẹ́ràn ìmọ̀ dá a sílẹ̀, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn tí California di ọ̀kan nínú àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ó wà níbẹ̀ kò ní ohun mìíràn lọ́kàn ju wúrà lọ. Bí àwọn ẹlòmíràn ti ń wa ilẹ̀ nítorí wúrà, ewé, ẹyẹ, kòkòrò, ejò àti òkúta ni àwọn wọ̀nyí ń kó jọ. Ní ọdún kan náà ni wọ́n sì ti pinnu pé inú wọn dùn sí kí obìnrin máa bá wọn ṣe iṣẹ́ náà, ohun tí kò wọ́pọ̀ nígbà náà rárá.

Ìpinnu yìí wá so èso lẹ́yìn ọdún 53. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 1906, ilẹ̀ mì tìtì ní San Francisco, iná ńlá sì tẹ̀lé e. Alice Eastwood ni obìnrin tí ó ń tọ́jú àwọn ewé gbígbẹ tí ilé náà kó pamọ́. Nígbà tí ó dé ibẹ̀, àtẹ̀gùn ti wó, iná sì ń bọ̀. Ó di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan pọ́n ọn gòkè, wọ́n sì fi okùn sọ àwọn ewé náà kalẹ̀, nǹkan bí 1,500, kí iná tó dé. Ohun tí ó mú kí èyí ṣeé ṣe ni pé ó ti ya àwọn tí ó ṣe pàtàkì jùlọ sọ́tọ̀ tẹ́lẹ̀, kò dà wọ́n pọ̀ mọ́ ìyókù. Ilé tirẹ̀ fúnra rẹ̀ jóná nínú ìjàǹbá náà. Ìyókù ohun tí ilé ìmọ̀ náà kó jọ fún àádọ́ta ọdún fẹ́rẹ̀ẹ́ run tán. Oríire kan ni pé ọkọ̀ ojú omi ilé náà wà ní erékùṣù Galápagos ní àkókò náà, ohun tí ó kó bọ̀ sí ilé kí ọdún náà tó parí ni wọ́n sì fi tún ìpìlẹ̀ fi lélẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ewé yìí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣi irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ̀. Wọ́n rò pé ilé ìran ni, ibi tí ọmọ ilé ìwé ń lọ wo egungun ẹranko kí ó sì padà sílé. Ilé ìṣẹ̀m̀báyé ti sáyẹ́ǹsì ní iwájú, ó sì ní ẹ̀yìn. Iwájú ni ti àlejò. Ẹ̀yìn ni àwọn àpótí wà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún ohun abẹ̀mí tí a gbẹ, tí a rẹ sínú ọtí líle, tí a fi abẹ́rẹ́ gún mọ́ pákó, tí a kọ orúkọ àti ibi tí a ti rí i sí ara rẹ̀. Àwọn ewé tí Eastwood gbà là kì í ṣe ewé lásán: àwọn ni a fi kọ́kọ́ sọ irú igi kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì ń jiyàn lórí igi náà ní ọjọ́ iwájú, ọ̀dọ̀ wọn ni yóò padà sí. Bí ìwé àdéhùn ilẹ̀ ti rí fún ìdílé ni wọ́n ti rí fún ìmọ̀. Bí ó bá jóná, ẹ̀rí ti lọ.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ kòkó kò ní í pẹ́ lóye èyí. Ẹ rántí àrùn tí ó ń mú ẹ̀ka kòkó wú, tí ó sì ń pa igi náà díẹ̀díẹ̀. Ní àwọn ọdún 1940 ni àwọn onímọ̀ ní Tafo, ní ilẹ̀ Gold Coast tí à ń pè ní Ghana nísinsìnyí, fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kòkòrò kékeré funfun kan tí ara rẹ̀ dà bí ìyẹ̀fun ni ó ń gbé àrùn náà láti ara igi kan dé òmíràn. Ẹni tí yóò sọ pé kòkòrò báyìí ni, kì í ṣe èyí tí ó jọ ọ́, ó gbọ́dọ̀ ní ibi kan tí a kó kòkòrò sí tí yóò fi wé tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìparí àwọn ọdún 1940, nígbà tí ìjọba amúnisìn rán àwọn agégi sínú oko àwọn àgbẹ̀ ní agbègbè Ìbàdàn, ohun tí àgbẹ̀ rí kò ju àdá àti kùkùté lọ. Igi tí ó ṣì ń so ni wọ́n gé lulẹ̀ lójú rẹ̀. Ta ni ó mú àgbẹ̀ wọ inú ilé kan, tí ó fi kòkòrò náà hàn án lábẹ́ awò amú-nǹkan-tóbi, tí ó ní kí ó wo igi tí ó ti kó àrùn àti èyí tí kò tí ì kó o? Ìmọ̀ wà, ilé tí ará ìlú yóò ti fi ojú ara rẹ̀ rí i ni kò sí. Ìbínú ọjọ́ náà, tí ó gbóná títí dé inú òṣèlú, kì í ṣe ìbínú àwọn òpè. Ìbínú àwọn tí a fi nǹkan pamọ́ fún ni.

Nítorí náà a kò ka irú ilé yìí sí ohun afẹ́. Ó kù kí a wo bí a ti ń rí owó rẹ̀.

Lẹ́yìn iná 1906, ilé ìmọ̀ náà kó lọ sí inú ọgbà ńlá tí à ń pè ní Golden Gate Park, ó sì ṣí ilẹ̀kùn níbẹ̀ ní ọdún 1916. Ní ọdún 1923 a ṣí ilé ẹja mọ́ ọn, èyí tí Ignatz Steinhart fi 250,000 dọ́là sílẹ̀ fún kí ó tó kú, tí ìlú sì gbà láti máa ṣe ìtọ́jú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti lọ́ mọ́ra: ẹgbẹ́ aládàáni ni ó ń darí ilé ìmọ̀ náà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ìlú ni ó wà lórí rẹ̀, owó ìlú sì wà nínú ìtọ́jú rẹ̀. Wọ́n ń fi ilé kún ilé títí wọ́n fi ju mẹ́wàá lọ. Nígbà tí ó di ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá ọdún 1989, ilẹ̀ tún mì. Ènìyàn 63 ni ó kú ní agbègbè náà. Ògiri ilé ìmọ̀ náà sán, a sì ní láti ti gbọ̀ngàn àwọn ẹyẹ pa. Ó hàn gbangba pé bí ìmìtìtì mìíràn bá dé, ẹja, ewé àti ọmọ ilé ìwé ni yóò jọ wà lábẹ́ àlapà.

Ìgbìmọ̀ ìlú San Francisco kò lè dá yá irú owó bẹ́ẹ̀. Òfin California sọ pé bí ìlú bá fẹ́ ta bọ́ǹdì tí a ó fi owó orí ilé san, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tí ó dìbò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Kì í ṣe ààbọ̀ àti díẹ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta ni. Ní ọdún 1995 wọ́n dìbò fún nǹkan bí mílíọ̀nù 29 dọ́là láti tún ilé ẹja ṣe, ó sì wọlé. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹta ọdún 2000 wọ́n tún gbé nǹkan bí mílíọ̀nù 87 dọ́là wá síwájú ará ìlú fún ilé ìmọ̀ náà, ó sì tún wọlé.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọn ará ìlú náà kàn ń sọ bẹ́ẹ̀ ni sí ohun gbogbo. Nínú ọgbà kan náà, ní ọ̀kánkán ilé ìmọ̀ yìí, ni ilé iṣẹ́ ọnà kan wà tí à ń pè ní de Young. Ìmìtìtì 1989 kan náà ni ó bà á jẹ́, tí wọ́n fi ń fi irin gbé ògiri rẹ̀ ró. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbé bọ́ǹdì rẹ̀ wá, ní ọdún 1996 àti ní ọdún 1998. Lẹ́ẹ̀mejèèjì ni ọ̀pọ̀ àwọn olùdìbò gbà, lẹ́ẹ̀mejèèjì ni kò sì dé ìdá méjì nínú mẹ́ta. Àwọn olówó ni ó wá dá owó náà jọ, ilé tuntun sì ṣí ní ọdún 2005. A kò sọ pé ìyẹn burú. A kàn ń fi hàn pé ìlú tí ó lè sọ pé rárá nìkan ni bẹ́ẹ̀ ni rẹ̀ ní ìtumọ̀.

Ohun kan tún wà tí ó wú wa lórí ju ìbò náà lọ. Ṣáájú ọjọ́ ìdìbò, ìjọba ìlú náà a máa fi ìwé kan ránṣẹ́ sí ilé olùdìbò kọ̀ọ̀kan. Nínú ìwé yìí ni olùṣírò owó ìlú yóò ti sọ iye tí bọ́ǹdì náà yóò gbà lápapọ̀, pẹ̀lú èlé rẹ̀, àti iye tí yóò fi kún owó orí ilé lọ́dọọdún. Àwọn tí ó fẹ́ ẹ yóò kọ ìdí wọn, àwọn tí kò fẹ́ ẹ yóò kọ tiwọn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìwé náà a sì máa wà ní èdè ju ọ̀kan lọ, nítorí pé àwọn ará Ṣáínà àti àwọn tí ń sọ èdè Sípéènì pọ̀ ní ìlú náà. Ìjọba ni ó ń san owó títẹ̀ ọ̀rọ̀ àwọn tí ń ta ko ìjọba! Ẹ̀yin ará, ìgbà wo ni ẹ gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí, ní èdè Yorùbá tàbí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá?

Nísinsìnyí, kí ni bọ́ǹdì gan-an? Ìjọba a tẹ ìwé gbèsè, ẹni tí ó bá rà á ti yá ìjọba ní owó. Ìjọba yóò máa san èlé fún un ní àkókò àkókò, nígbà tí ọdún bá sì pé yóò dá owó rẹ̀ padà. Kò jọ èésú, nítorí pé nínú èésú owó ara wa ni à ń kó, kò sí àlejò tí ń jẹ èlé lórí rẹ̀. Ohun tí ó jọ jùlọ nínú àṣà wa ni ìwọ̀fà. Ní ayé àtijọ́, ẹni tí ó bá yá owó lè fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ọmọ náà ń ṣe lóko olówó, èlé ni; owó gan-an ṣì wà níbẹ̀ láìdín kọ́bọ̀. Àwọn ìdílé kan wà tí ó fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà nítorí ìnáwó òkú, ọmọ náà sì dàgbà sí oko ẹlòmíràn nítorí àsè tí kò tọ́ wò. Àwọn mìíràn yá owó láti ra ilẹ̀ tàbí láti kọ́ṣẹ́, ọmọ tí ó sin ìwọ̀fà náà sì padà wá jogún ohun tí a fi owó náà rà. Gbèsè méjèèjì kò jọ ara wọn, bí iye owó wọn tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Bí ìlú bá yá 100 dọ́là ní èlé 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, tí ó sì ń san iye kan náà lọ́dọọdún fún 20 ọdún títí yóò fi tán, nǹkan bí dọ́là mẹ́jọ ni yóò máa san lọ́dún, àpapọ̀ rẹ̀ yóò sì tó 160 dọ́là. Ẹni tí ó dìbò ní ẹni ọgọ́ta ọdún lè má rí òpin rẹ̀. Ọmọ tí a bí ní ọdún ìbò náà yóò ti di ogún ọdún kí ó tó tán, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í léèrè. Òun ni ìwọ̀fà.

Àwọn kan yóò sọ pé kí ni ìlú tí àwọn ènìyàn ń sùn sí ìta ń fi òrùlé kọ́ fún ẹja? Ọ̀rọ̀ gidi ni, kò yẹ kí a fi ẹ̀rín bò ó. Àìrílégbé pọ̀ ní San Francisco, ó sì ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí àwọn ará ìlú náà ti ṣe é: ní oṣù kọkànlá ọdún 1999, oṣù mẹ́rin ṣáájú ìbò ilé ìmọ̀, wọ́n ti dìbò fún bọ́ǹdì mílíọ̀nù 299 dọ́là láti tún ilé ìwòsàn Laguna Honda kọ́, ibi tí a ti ń tọ́jú àwọn arúgbó àti aláìsàn tí kò lówó. Ní ọjọ́ kan náà tí wọ́n dìbò fún ilé ìmọ̀ ni wọ́n dìbò fún mílíọ̀nù 110 fún àwọn ọgbà ìṣeré àdúgbò. Ilé ìwòsàn gba ju ìlọ́po mẹ́ta ohun tí ilé ìmọ̀ gbà lọ, òun ni ó sì kọ́kọ́ gbà á. Ìlú tí ó bá to ẹrù rẹ̀ báyìí, a kò rí ẹ̀sùn tí a ó fi kàn án ní ti èyí.

Ilé tuntun náà ńkọ́? Ọmọ ilẹ̀ Ítálì kan, Renzo Piano, ni ó ya àwòrán rẹ̀. Ní ọdún 2004 wọ́n kó ẹja, ejò àti àpótí lọ sí ilé ìgbà díẹ̀ ní àárín ìlú, wọ́n wó ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn ilé àtijọ́, wọ́n sì tún ọ̀pọ̀ nínú àlapà wọn lò. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 2008 ni ilẹ̀kùn ṣí. Àgbẹ̀ tí ó bá rí òrùlé rẹ̀ yóò rẹ́rìn-ín, nítorí pé oko ni: éékà méjì àti ààbọ̀ erùpẹ̀, tí ó ní òkè àti àfonífojì, tí a gbin nǹkan bí mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún méje ewéko ìbílẹ̀ sí. Erùpẹ̀ náà ń mu òjò, ó sì ń mú kí inú ilé tutù. Ògbólógbòó ṣòkòtò jíìnsì tí a tún gbọ̀n ni wọ́n fi kún inú ògiri láti dá òtútù dúró.

Àpapọ̀ owó rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 488 dọ́là. Bí a bá kó bọ́ǹdì méjèèjì pọ̀, nǹkan bí mílíọ̀nù 116 ni, èyí kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Púpọ̀ nínú ìyókù ti ọwọ́ àwọn ọlọ́rẹ wá. Àwọn alágbàwí irú ètò yìí a máa sọ pé owó ìlú ni ìjẹ tí ó fa ẹja ńlá. Bí ìlú kò bá kọ́kọ́ fi tirẹ̀ sílẹ̀, olówó kì yóò yọjú. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí wọn kì í sọ. Olówó tí ó fi mílíọ̀nù kan sílẹ̀, ìfẹ́ inú rẹ̀ ni, a ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sí ara ògiri. Onílé tí ó ń san owó orí ilé kò lè sọ pé ní ọdún yìí òun kò ní í san. Orúkọ rẹ̀ kò sì sí lára ògiri kankan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa dé gan-an nìyí. Ní ọjọ́ tí ilé náà ṣí, owó ìwọlé àgbàlagbà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dọ́là 25. Lónìí ó ti ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Bàbá àti ìyá kan yóò ti ná nǹkan bí àádọ́ta dọ́là ní ọdún 2008 kí wọ́n tó ka ọmọ kan mọ́ ọn. Ẹni tí ń gbá ilẹ̀ ní ilé ìtura kan ní San Francisco dìbò fún ilé náà, owó orí ilé tí onílé rẹ̀ ń san wà lára ohun tí ó ń mú owó ilé gbígbé wọ́n, síbẹ̀ ẹnu ọ̀nà ni yóò ti ṣírò bóyá òun yóò wọlé.

A gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ tí ó wà ní apá kejì. Ilé ìmọ̀ náà ní àwọn ọjọ́ ọ̀fẹ́ díẹ̀ nínú ọdún, ó ní àwọn ọjọ́ tí ó yà sọ́tọ̀ fún àwọn olùgbé àdúgbò kọ̀ọ̀kan, àwọn tí ìjọba sì ń ràn lọ́wọ́ pẹ̀lú owó oúnjẹ ní ẹ̀dínwó. Ìdí kan tí ó lágbára sì wà fún owó ìwọlé. Òfin California kò jẹ́ kí a ná owó irú bọ́ǹdì yìí sí ohun mìíràn yàtọ̀ sí rírà ilẹ̀ àti ilé tàbí kíkọ́ wọn àti títún wọn ṣe. Bọ́ǹdì lè kọ́ odò ẹja. Kò lè ra oúnjẹ ẹja. Ó lè kọ́ yàrá fún onímọ̀ kòkòrò. Kò lè san owó oṣù rẹ̀. Ní ọjọ́ tí àjọ̀dún ìṣílé parí ni ebi bẹ̀rẹ̀ sí í pa ilé náà, ilé tí ó tóbi tí ó sì rẹwà a sì máa jẹun ju ilé kékeré lọ. Àwọn tí wọ́n ti kọ́ ilé alájà sí abúlé kí wọ́n tó ronú ẹni tí yóò máa gbé inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí yé wọn.

Síbẹ̀, ó ṣeé ṣe lọ́nà mìíràn. Ní Washington, ilé ìṣẹ̀m̀báyé ti ohun àdánidá tí ó wà lábẹ́ Smithsonian kì í gba owó ìwọlé, nítorí pé àpò ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ni púpọ̀ nínú owó ìtọ́jú rẹ̀ ti ń wá lọ́dọọdún. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ó wà ní London mọ̀ pé láti oṣù kejìlá ọdún 2001 ni owó ìwọlé ti kúrò ní ilé ìṣẹ̀m̀báyé ti sáyẹ́ǹsì àti ti ohun àdánidá ní South Kensington. Ìyá tí ó bá ní owó ọkọ̀ nìkan lè kó ọmọ mẹ́rin lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Iye àwọn tí ń wọlé sì pọ̀ sí i gidigidi láti ìgbà náà.

Ìdájọ́ tiwa ni pé àwọn ará San Francisco ṣe dáadáa láti dìbò, wọ́n sì ṣe dáadáa láti gbà. Ibi tí wọ́n ti jáfara ni pé wọn kò so ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀rọ̀ owó. Kí ìbò tó dé, ọwọ́ ará ìlú ni agbára wà: àwọn ọ̀gá ilé ìmọ̀ náà ń wá ìdá méjì nínú mẹ́ta, wọn ì bá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba àdéhùn tí a bá gbé síwájú wọn. Nígbà náà ni ó yẹ kí a ti kọ ọ́ sínú ìwé pé, fún gbogbo ọdún tí gbèsè náà bá fi wà lọ́rùn ìlú, ọmọ tí ó bá ń gbé ní ìlú náà kì yóò sanwó wọlé, àti pé ìlú yóò ya iye kan sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún oúnjẹ ẹja àti owó oṣù. Èyí ì bá mú kí gbèsè náà tóbi sí i lójú olùdìbò, bóyá ìbò náà ì bá má tilẹ̀ wọlé. Àwa ìbá fara mọ́ ewu yẹn. Lẹ́yìn ìbò, oore ni ìyókù, ẹni tí ó bá sì ṣe oore lè dẹ́kun rẹ̀ nígbà tí ó bá wù ú.

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ̀ sí ilé. Ìpínlẹ̀ Èkó ta bọ́ǹdì 50 bílíọ̀nù náírà ní ọdún 2009. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ta ṣúkúkù ní ọdún 2013, irú bọ́ǹdì tí ó bá òfin Ìsìláàmù mu, láti fi kọ́ ilé ẹ̀kọ́, nígbà tí a ń san án, a máa ń yọ owó rẹ̀ láti inú ìpín tí ń ti Àbújá wá kí ó tó dé Òṣogbo. A kò bu ẹnu àtẹ́ lu kíkọ́ ilé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ibi kankan nínú òfin Nàìjíríà tí ó ní kí a pe ará ìlú jọ láti dìbò lórí irú gbèsè bẹ́ẹ̀. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ yóò fọwọ́ sí i, àwọn àjọ tí ń ṣọ́ ọjà owó yóò yẹ̀ ẹ́ wò, ó parí. Àgbẹ̀ tí kò gbọ́ pé a yá owó kò lè mọ ọjọ́ tí ó tán, kò sì lè bèèrè ohun tí ó rà.

Àwa náà ní ilé ìmọ̀ tí ó yẹ kí a máa tọ́jú. Ilé ìṣẹ̀m̀báyé ti ohun àdánidá wà ní Ifásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, pẹ̀lú ewé àti kòkòrò ilẹ̀ wa nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Ifẹ̀, ní Iléṣà, ní Oǹdó, ìgbà mélòó ni ẹ ti mú ọmọ yín débẹ̀? Bí gómìnà kan bá dìde lọ́la pé òun fẹ́ yá owó láti kọ́ irú rẹ̀ tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ó gbè é lẹ́yìn, ṣùgbọ́n a ó ní kí ó kọ́kọ́ tẹ ìwé kan fún wa ní èdè Yorùbá: iye tí a ń yá, èlé rẹ̀, ọdún tí yóò tán, ẹni tí yóò máa san owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gé rìbọ́ọ̀nù, àti iye tí ọmọ àgbẹ̀ yóò san ní ẹnu ọ̀nà. Kí ó jẹ́ kí àwọn tí ń ta kò ó kọ tiwọn sí ojú ewé kejì. Bí ìwé náà kò bá jáde, kí ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa kọ̀ọ̀kan lọ bá aṣojú àdúgbò rẹ̀ ní Ilé Ìgbìmọ̀, kí wọ́n sì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó gbé ọwọ́ sókè.